Odò Tó Wà Lórí Ilé Wa: Bí a Ṣe Lè Gbe Omi Òjò fún Ọgbà Ẹ̀yìnkùlé

Alága ìjókòó, ẹ̀yin baálé àti ìyálé àdúgbò wa, ẹ̀yin olóyè ẹgbẹ́ àwọn onílé, ẹ̀yin ìyá tí ẹ ń dá ọgbà ẹ̀fọ́ sí ẹ̀yìnkùlé, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ dúró lẹ́bàá fèrèsé nítorí pé àga kò tó, mo kí gbogbo yín. Ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Ẹ kú ọ̀gbẹlẹ̀ tó ń kásẹ̀ nílẹ̀, ẹ sì kú àkọ́rọ̀ òjò. Wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí bí ènìyàn ṣe lè gbe omi òjò nínú ilé ara rẹ̀ láti fi bomi rin ọgbà, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó pè mí, nítorí pé ọ̀rọ̀ náà ti ń jẹ mí lọ́kàn láti ọjọ́ pípẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n fi ìbéèrè bẹ̀rẹ̀. Òjò tó rọ̀ ní alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ta ni kò gbọ́ ọ nínú wa? Ó ń lu páànù bí ẹni ń lu bàtá, a kò sì gbọ́ ara wa nínú ilé mọ́. Ó rọ̀ fún bí ogójì ìṣẹ́jú, àgbàrá sì gba iwájú ilé mi kọjá, ó gbá ewé, ó gbá ọ̀rá, ó gbá erùpẹ̀ lọ. Nígbà tí ó fi máa di àárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, oòrùn ti fa gbogbo rẹ̀ gbẹ. Ní àárọ̀ ọjọ́ náà, mo rí mẹ́ruwà tó ń ti ọmọlanke rẹ̀ gun òkè àdúgbò wa, kẹ́ẹ̀gì omi kún orí rẹ̀ fọ́fọ́, àwọn aládùúgbò mi sì ń jáde pẹ̀lú owó lọ́wọ́. Ìyá kan nínú wọn ra kẹ́ẹ̀gì mẹ́rin. Ó gbé méjì wọlé, ó sì ń fi ife bu méjì yòókù sí ìdí tòmátì àti ata tí ó gbìn sínú àpò, tí ewé wọn ti rọ wẹ̀lẹ̀.

Mo dúró, mo ń wò ó. Omi tí ó fi owó rà ní ọjọ́ Àbámẹ́ta kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá omi tí òrùlé rẹ̀ dà sí ojú títì ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Odò kan wà lórí ilé rẹ̀. Odò kan wà lórí ilé tèmi, ó wà lórí ilé tiyín náà, àwa tí a sì kọ́ ilé wọ̀nyí la là ọ̀nà fún odò náà láti sá lọ. Ohun tí mo wá sọ lónìí kò ju ìyẹn lọ, ṣùgbọ́n mo fẹ́ pín in sí ọ̀nà mẹ́rin kí ó lè yé wa: bí a ṣe ń kọ́lé tẹ́lẹ̀ àti bí a ṣe ń kọ́ ọ nísinsìnyí, iye omi tó wà lórí òrùlé, bí a ṣe lè gbe é kí ó mọ́, kí ó má sì pa wá lára, àti bí a ṣe lè ná an nínú ọgbà.

Ọ̀nà kìn-ín-ní: ilé tó ń gba omi àti ilé tó ń lé omi

Ẹ̀yin àgbà tí ẹ dàgbà nínú agbo ilé, ẹ ó bá mi jẹ́rìí. Báwo ni wọ́n ṣe ń kọ́ agbo ilé? Yàrá a yí àgbàlá ká, apá kan òrùlé a sì dojú kọ àárín àgbàlá náà, tó fi jẹ́ pé nígbà tí òjò bá dé, inú ilé gan-an ni ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ ń ṣẹ̀ sí. Àwọn obìnrin a to ìkòkò àti agbada sí ẹsẹ̀ ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀, ọmọdé a bọ́ sí ìhòòhò wẹ̀ níbẹ̀, èyí tó bá ṣẹ́kù a sì gba ojú ihò tí wọ́n dá sí abẹ́ ògiri jáde lọ sí ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ní Ilé-Ifẹ̀, àwọn awalẹ̀pìtàn ti wú àgbàlá tí wọ́n fi àpáàdì tẹ́ ilẹ̀ rẹ̀ jáde, àpáàdì tí wọ́n to lẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bí eyín àgbàdo, iṣẹ́ tó ti lé ní ẹgbẹ̀ta ọdún. Ìtàn àtẹnudẹ́nu so iṣẹ́ náà mọ́ orúkọ Lúwòó, obìnrin tó jẹ Ọọ̀ni. Ẹni tó tẹ́ ilẹ̀ báyẹn ti ronú nípa òjò: ó mọ̀ pé omi yóò dé, ó sì pèsè ibi tí omi yóò bà lé láìsọ ilé di ẹrẹ̀.

Ilé tí a ń kọ́ lónìí ńkọ́? A ti da gbogbo òrùlé síta. A ti fi sìmẹ́ńtì bo àyíká ilé láti ìdí ògiri títí dé ìdí géètì. A ti gbẹ́ gọ́tà sí ẹ̀gbẹ́ kí omi lè tètè kúrò lọ́dọ̀ wa. Bẹ́ẹ̀ ni orí àpáta ni ìlú Ìbàdàn yìí jókòó lé, kò sì sí ẹni tí kò mọ̀ nínú wa pé ọ̀pọ̀ kànga àdúgbò yìí ń gbẹ, tàbí kí omi inú rẹ̀ di ẹrẹ̀, kí oṣù Kejì tó parí. A lé omi lọ nígbà tí ó wà, a sì tún ń gbẹ́ ilẹ̀ wá a kiri nígbà tí kò sí.

Omi tí a lé kò sì lọ láìmú ohun kan dání. Àwọn baba wa ní àgbàrá òjò kò lóun ò nílé wó, onílé ni kò ní gbà fún un. Àwa ará Ìbàdàn mọ òwe yìí ju ẹni tó ń pa á lọ. Ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ ọdún 1980, odò Ògùnpa gbé ènìyàn, ó gbé ilé, ó gbé ọkọ̀. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ ọdún 2011, omi tún pa ènìyàn tó lé ní ọgọ́rùn-ún nínú ìlú kan náà. N kò ní parọ́ fún yín pé dúrọ́ọ̀mù méjì lẹ́yìn ilé ló máa dá Ògùnpa dúró. Kò lè dá a dúró. Ṣùgbọ́n omi tó gbé ènìyàn lọ ní ìsàlẹ̀, orí òrùlé àti ojú sìmẹ́ńtì ẹgbẹẹgbẹ̀rún ilé bí ilé tiwa ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ti ṣàn wá, èmi kò sì fẹ́ kí ilé tèmi máa dá sí i.

Ọ̀nà kejì: ẹ jẹ́ kí a ka omi náà

Ọ̀pọ̀ ènìyàn tí mo bá sọ̀rọ̀ yìí máa ń ní, "Òjò mélòó ni ènìyàn fẹ́ gbe tí yóò fi tó ọgbà?" Ìbéèrè tó dára ni, ìdáhùn rẹ̀ sì rọrùn ju bí a ti rò lọ. Bí òjò bá rọ̀ tí omi rẹ̀ ga ní mìlímítà kan lórí ibi títẹ́ tó jẹ́ mítà kan níbùú àti mítà kan lóròó, lítà omi kan gééré ló bọ́ síbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n tún un sọ, nítorí pé orí rẹ̀ ni gbogbo ìṣirò yìí dúró lé: mìlímítà kan, mítà kan sí mítà kan, lítà kan.

Báwo ni a ṣe máa mọ mìlímítà òjò? Mo gbé agolo kan, tí ẹnu rẹ̀ àti ìdí rẹ̀ fẹ̀ bákan náà, sórí odi ilé mi, níbi tí igi tàbí òrùlé kò ti dí i lọ́wọ́. Bí òjò bá ti dá, ọmọ aládùúgbò mi kan tó wà ní ilé ẹ̀kọ́ gírámà yóò ki rúlà bọ̀ ọ́, yóò kọ iye tó bá rí sílẹ̀ nínú ìwé, yóò sì da omi náà nù. Odindi ọdún kan ni ó fi ṣe é láìpa ọjọ́ kan jẹ. Láti inú ìwé ọmọ náà ni mo ti kọ́ ohun tí mo ń sọ fún yín yìí, mo sì rọ ẹ̀yin òbí kí ẹ fún ọmọ yín ní irú agolo bẹ́ẹ̀.

Ní alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun yẹn, agolo mi fi mìlímítà 20 hàn. Ẹ jẹ́ kí a mú ilé kan tí kò tóbi, tí òrùlé rẹ̀ bo ilẹ̀ tó jẹ́ mítà mẹ́wàá lóròó àti mítà mẹ́jọ níbùú. Ẹ fi ọkàn sí i pé ilẹ̀ tí òrùlé bò la ń wọ̀n. Bí páànù ṣe dagun tó kò kàn wá níhìn-ín. Mẹ́wàá lọ́nà mẹ́jọ jẹ́ 80. Ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 20, yóò fún wa ní lítà 1,600. Omi kì í dé inú àgbá tán: èyí tí afẹ́fẹ́ fẹ́ lọ wà níbẹ̀, èyí tó fò kọjá gọ́tà wà níbẹ̀, èyí tí páànù gbígbóná mú gbẹ wà níbẹ̀. Nítorí náà, ẹ yọ ìdá kan nínú márùn-ún kúrò. Lítà 1,280 ló ṣẹ́kù. Kẹ́ẹ̀gì wa ń gba lítà 25. Ẹ pín in, ẹ ó rí kẹ́ẹ̀gì 51.

Kẹ́ẹ̀gì 51, láti inú òjò kan ṣoṣo tí kò tó wákàtí kan! Ìyá tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ ra mẹ́rin, ó sì gbé e gun òkè.

Òjò tó ń rọ̀ ní Ìbàdàn láàárín ọdún máa ń tó bíi mìlímítà 1,200. Bí ẹ bá ṣe ìṣirò kan náà fún ilé yẹn, lítà tó lé ní 76,000 ni yóò bá ibẹ̀ wá lọ́dún. Ẹ má jẹ́ kí iye yìí dẹ́rù bà yín, ẹ má sì jẹ́ kí ó mú yín lọ ra táǹkì ńlá. Kò sí ẹni tó ní ibi tí yóò kó gbogbo rẹ̀ sí. Ohun tí mo fẹ́ kí a rí ni pé òrùlé kò wọ́n wa. Ibi ìkómisí ló kéré, ibẹ̀ ni ọgbọ́n wà. Ẹni tó bá so gọ́tà mọ́ ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo lára òrùlé rẹ̀ ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun yẹn ì bá ti kún dúrọ́ọ̀mù mẹ́ta, kí omi sì tún ṣẹ́kù.

Ọ̀nà kẹta: gbígbe é kí ó mọ́

Ìyá tó bí bàbá mi kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n ó ní òfin kan tí kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rú nínú ilé rẹ̀. Bí àkọ́rọ̀ òjò bá ti ń ṣú, yóò pariwo pé kí a dojú gbogbo ìkòkò àti agbada dé. Àwa ọmọdé a máa bínú, nítorí pé ọ̀nà odò jìn, omi tó yẹ kí ó gbà wá lọ́wọ́ ìrìn náà sì ń dà nù lójú wa. Yóò ní, "Ẹ jẹ́ kí òjò fọ òrùlé ná." Ó di òjò kejì tàbí ìkẹta kí ó tó gbà pé kí a yí ojú ìkòkò sókè, nígbà náà pàápàá, kò ní jẹ́ kí a gbé e sí ẹsẹ̀ ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ títí omi tó ń já bọ́ yóò fi mọ́ gaara.

Ìgbà tí mo dàgbà ni mo tó mọ ohun tí ìyá àgbà ń ṣe. Láti oṣù Kọkànlá tí àrọ̀kúrò ti dá, títí di oṣù Kẹta, kí ni kò bà lé orí páànù? Eruku ọyẹ́, èéfín, ìgbẹ́ ẹyẹ, ìgbẹ́ alángbá, ewé jíjẹrà. Àkọ́rọ̀ ló ń kó gbogbo rẹ̀ sọ̀kalẹ̀. Lẹ́yìn ìgbà náà pẹ̀lú, bí òjò kọ̀ọ̀kan bá bẹ̀rẹ̀, omi rẹ̀ àkọ́kọ́ ló máa ń dọ̀tí jù. Àwọn onímọ̀ òde òní ń sọ pé kí a da bíi ìdajì lítà nù fún mítà kan sí mítà kan òrùlé. Lórí ẹ̀gbẹ́ kan òrùlé ilé tí a fi ṣe ìṣirò lẹ́ẹ̀kan, tó jẹ́ ìdajì 80, ìyẹn 40, lítà 20 ni ìyẹn, kẹ́ẹ̀gì kan sì ti gbà á tán. Èyí ló jẹ́ kí ọ̀nà tí mo fẹ́ sọ yìí rọrùn.

Ẹ wá páìpù oníke tó fẹ̀, kí ẹ fi ayùn là á sí méjì ní òòró, ẹ ti ní gọ́tà méjì. Ẹ kan án mọ́ etí òrùlé, kí ó máa rọ̀ sísàlẹ̀ ní bíi sẹ̀ǹtímítà kan fún mítà méjì. Bí ó bá tẹ́ jù, omi yóò dúró sínú rẹ̀, bí ó bá dagun jù, omi òjò líle yóò fò ó kọjá. Níbi tí gọ́tà ti ń sọ̀kalẹ̀, kí ẹ tó dé dúrọ́ọ̀mù, ẹ yọ ẹ̀ka páìpù kan sísàlẹ̀, kí ẹ so kẹ́ẹ̀gì kan mọ́ ìdí rẹ̀ pinpin. Omi àkọ́kọ́ tó dọ̀tí yóò lọ sínú kẹ́ẹ̀gì. Bí kẹ́ẹ̀gì bá ti kún dé ọrùn páìpù, omi tó ń bọ̀ lẹ́yìn kò ní ibòmíràn láti gbà ju inú dúrọ́ọ̀mù lọ. Bí òjò bá dá, ẹ tú kẹ́ẹ̀gì náà, ẹ dà á sí ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀, kí ẹ sì so ó padà. Iṣẹ́ tí ìyá àgbà mi ń fi ojú ṣọ́, kẹ́ẹ̀gì yìí yóò máa bá yín ṣe é nígbà tí ẹ kò bá sí nílé.

Ní ti dúrọ́ọ̀mù fúnra rẹ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má kàn lọ ra èyí tó bá ti pọ́ọ́kú jù lọ́jà. Ẹ béèrè ohun tó wà nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Èyí tí wọ́n fi kó òróró tàbí ohun mímu dára. Èyí tí wọ́n fi kó oògùn apakòkòrò tàbí kẹ́míkà, ẹ fi í sílẹ̀ fún olówó rẹ̀, bí ẹ fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹwàá pàápàá. Bákan náà ni òrùlé àtijọ́ tí wọ́n fi ásíbẹ́sítọ́ọ̀sì ṣe, tàbí páànù tí ọ̀dà àtijọ́ ń bó lára rẹ̀: n kò ní gbe omi ibẹ̀ sí ẹ̀fọ́ jíjẹ.

Ó yẹ kí n sọ ohun kan tó ṣẹlẹ̀ sí mi, kí ó má baà ṣẹlẹ̀ sí ẹlòmíràn. Dúrọ́ọ̀mù tí mo kọ́kọ́ gbé kalẹ̀, orí búlọ́ọ̀kù méjì tí mo tò léra wọn ni mo gbé e sí, lórí ilẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kún. Mo rò pé ó dúró ṣinṣin. Ní òjò kẹta, ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ rì ní apá kan, dúrọ́ọ̀mù náà sì wó lulẹ̀ lóru gbì, ó tẹ ebè ewédú mi pẹ́lẹ́bẹ́. Ibi tí ó wó sí gan-an ni ọmọ ọdún mẹ́ta kan máa ń jókòó sí ṣeré ní ọ̀sán. Lítà omi kan wúwo tó kílò kan; dúrọ́ọ̀mù tó kún ju 200 kílò lọ, táǹkì onílítà 1,000 sì tó tọ́ọ̀nù kan. Láti ọjọ́ náà, n kì í gbé ohun tó ń gba omi sórí ilẹ̀ tí a kò tíì lù mọ́lẹ̀ dáadáa, tí a kò sì da kọnkéré sí. Kí ẹ pe bíríkìlà tó mọṣẹ́. Kí ẹ sì rí i pé ìdérí dúrọ́ọ̀mù náà le tó bẹ́ẹ̀ tí ọmọdé kò fi lè ṣí i, nítorí pé omi díẹ̀ ti tó láti gba ẹ̀mí ọmọ kékeré.

Ìdérí yìí ló mú mi dé orí ẹ̀fọn, èmi yóò sì dúró díẹ̀ lórí rẹ̀, nítorí pé ẹni tó bá gbe omi òjò láìronú nípa ẹ̀fọn ti pe àìsàn wá sí ilé aládùúgbò rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ti ju ọgọ́ta ọdún lọ, ẹ rántí wolé-wolé, òṣìṣẹ́ ìmọ́tótó ìjọba. Ta ni kì í sá fún un? Aṣọ kákí, ìwé lọ́wọ́, yóò wọlé tààrà lọ sí ìdí àmù, yóò ṣí i, yóò bẹjú wò ó. Bí ó bá rí tanwíjí, ọmọ ẹ̀fọn inú omi, kan ṣoṣo tó ń fò sókè fò sísàlẹ̀ nínú rẹ̀, ó di kóòtù. Àwọn ènìyàn bú wolé-wolé títí, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó gbé e wá kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Dókítà Carlos Finlay, ọmọ ilẹ̀ Kúbà, ti sọ ní Havana láti ọdún 1881 pé ẹ̀fọn ló ń gbé ibà pọ́njú kiri. Ní ọdún 1925, àjọ Rockefeller ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà dá ibùdó ìwádìí sílẹ̀ ní Yábàá ní Èkó nítorí ibà kan náà, ibà yìí sì pa Adrian Stokes, ọ̀kan nínú àwọn oníwàádìí wọn, ní Èkó ní ọdún 1927. Ẹ̀fọn tó ń gbé ibà yìí kì í wá odò ńlá kiri. Omi inú àmù, inú agolo, inú táyà àti inú dúrọ́ọ̀mù ilé ló fẹ́ràn jù láti yé ẹyin sí.

Kí ni ṣíṣe? Ẹ fi àwọ̀n ẹ̀fọn bo ẹnu dúrọ́ọ̀mù, kí ẹ so ó yíká, kí ẹ tó gbé ìdérí lé e. Ẹ fi àwọ̀n kan náà di ẹnu páìpù tí omi àkúnwọ́sílẹ̀ ń gbà jáde, nítorí pé ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń gbàgbé. Ẹyin kì í pẹ́ di ẹ̀fọn nínú ooru ilẹ̀ wa, bí ọ̀sẹ̀ kan sí ọjọ́ mẹ́wàá ti tó. Nítorí náà, kẹ́ẹ̀gì omi ìdọ̀tí yẹn kò gbọ́dọ̀ lo ọ̀sẹ̀ kan láìjẹ́ pé ẹ dà á nù. Bí dúrọ́ọ̀mù bá sì ṣófo, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì ha ara rẹ̀ nínú. Ẹyin ẹ̀fọn yìí lè lẹ̀ mọ́ ara ike gbígbẹ fún ọ̀pọ̀ oṣù, kí ó máa dúró de omi.

Ọ̀nà kẹrin: ná omi náà pẹ̀lú ọgbọ́n

Omi tí a gbe sílẹ̀ báyìí, ọgbà la gbe é fún. Ẹ má mu ún. Bí ó ti wù kí ó mọ́ lójú, orí òrùlé ló ti wá. Nínú ọgbà pàápàá, ìdí ewéko ni kí ẹ máa bù ú sí, ẹ má wọ́n ọn sórí ewé, pàápàá jù lọ ẹ̀fọ́ tí ẹ fẹ́ já láìpẹ́, kí ẹ sì fọ ẹ̀fọ́ náà dáadáa kí ó tó wọ ìkòkò.

Ebè kan tó jẹ́ mítà márùn-ún lóròó tí ó sì fi díẹ̀ lé mítà kan níbùú lè gba tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ, ewédú àti ìdí ata díẹ̀ tó máa ṣe ọbẹ̀ fún ìdílé kan. Nígbà tí oòrùn bá ń jó, ebè bẹ́ẹ̀ ń fẹ́ nǹkan bíi kẹ́ẹ̀gì kan lójúmọ́. Ẹ wo ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Dúrọ́ọ̀mù onílítà 200 yóò gbé ebè kan fún ọjọ́ mẹ́jọ. Táǹkì onílítà 2,000 yóò gbé e fún ọgọ́rin ọjọ́. Bí táǹkì náà bá kún fún àrọ̀kúrò ní àárín oṣù Kọkànlá, ẹ ó máa já ẹ̀fọ́ títí di ìparí oṣù Kìn-ín-ní, nígbà tí ẹ̀fọ́ ti wọ́n lọ́jà. Ẹni tó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Omi tó wà níwájú wa nínú ọ̀ràn yìí ni òjò oṣù Kẹwàá.

Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ kò lágbára táǹkì, ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ yìí kò kàn yín. Lójú tèmi, dúrọ́ọ̀mù méjì ló ń pa owó mọ́ jù lọ, nítorí pé àárín àkókò òjò gan-an ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́. Ẹ̀ẹ̀mélòó ni a ti gbin irúgbìn lẹ́yìn òjò oṣù Kẹta tàbí Kẹrin, tó hù dáadáa, tí òjò sì sá lọ fún ọ̀sẹ̀ méjì, tí gbogbo rẹ̀ kú mọ́ wa lójú? Ẹ̀ẹ̀mélòó ni ìsinmi òjò oṣù Kẹjọ ti bá tòmátì tó ń so lọ́wọ́, tí òdòdó rẹ̀ sì re dànù? Dúrọ́ọ̀mù méjì, ọjọ́ mẹ́rìndínlógún. Púpọ̀ nínú irú àlàfo bẹ́ẹ̀ kì í ju ìyẹn lọ, òjò kan ṣoṣo lẹ́yìn rẹ̀ yóò sì tún wọn kún.

Ohun tó sì lè sọ ọjọ́ mẹ́rìndínlógún di oṣù kan kò ná wa ní kọ́bọ̀. Ẹ fi koríko gbígbẹ tàbí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bo orí ebè kí ó nípọn bí ìka mẹ́ta tàbí mẹ́rin, kí ẹ sì fi àyè sílẹ̀ ní ìdí ewéko. Ẹ bomi rin ín ní ìdájí tàbí lẹ́yìn tí oòrùn bá ti wọ̀. Ilẹ̀ tí a bò kì í pàdánù omi bí ilẹ̀ tó wà níhòòhò, tí ẹ bá sì tọwọ́ bọ abẹ́ koríko náà ní ọjọ́ kejì, ẹ ó rí i pé erùpẹ̀ rẹ̀ ṣì tutù. Ebè tèmi tí mo ń bomi rin lójoojúmọ́ tẹ́lẹ̀, ọjọ́ méjì méjì ni mo ń bomi rin ín báyìí. Ike tí ẹnu rẹ̀ lu bí ajere ni mo ń lò fún irúgbìn tuntun. Fún èyí tó ti gbó, ife àti sùúrù ti tó.

Mo fẹ́ mú yín dé òkè òkun lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ní àríwá ìlà-oòrùn orílẹ̀-èdè Bùràsíìlì, níbi tí ìpínlẹ̀ Bahia wà, Bahia tí wọ́n kó ọ̀pọ̀ ènìyàn wa lọ ní ayé òwò ẹrú, tí orúkọ òrìṣà wa ṣì wà ní ẹnu àwọn ọmọ wọn, ìgbèríko gbígbẹ kan wà tí òjò rẹ̀ kò tó tiwa rárá. Láti ọdún 2003, wọ́n ti ń kọ́ ìkùdù sìmẹ́ńtì onílítà 16,000 sí ẹ̀gbẹ́ ilé àwọn àgbẹ̀ níbẹ̀, tí omi òrùlé ń kún, fún mímu àti sísè. Nígbà tí ó yá, wọ́n fi irú kejì kún un, onílítà 52,000, èyí tó ń gba omi láti orí ilẹ̀ sìmẹ́ńtì fífẹ̀, fún ọgbà àti ohun ọ̀sìn. Ohun tó wọ̀ mí lọ́kàn jù níbẹ̀ ni pé wọ́n ya omi mímu sọ́tọ̀, wọ́n sì gbà pé ọgbà náà lẹ́tọ̀ọ́ sí omi tirẹ̀. Àwa tí òjò ń rọ̀ fún ju ti wọn lọ, omi kẹ́ẹ̀gì tí a fi owó rà fún mímu la ń bù sí ìdí ata. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí, ẹ má bínú bí ohùn mi bá ga.

Alága ti ń wo aago, mo sì ti rí i. Ó ti gbà wá láyè láti jáde sí ẹ̀yìn gbọ̀ngàn yìí fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Láti àárọ̀ ni èmi àti àwọn ọ̀dọ́ mẹ́ta ti so gọ́tà mọ́ etí òrùlé ẹ̀yìn, a ti gbé dúrọ́ọ̀mù kan sórí búlọ́ọ̀kù tí a fi kọnkéré dì, a ti so kẹ́ẹ̀gì omi ìdọ̀tí mọ́ ọn, àwọ̀n ẹ̀fọn sì wà lẹ́nu rẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn yóò gun àkàbà, yóò da omi kẹ́ẹ̀gì méjì sórí páànù, kí ẹ lè fi ojú ara yín rí ibi tí omi àkọ́kọ́ ń gbà àti ibi tí èyí tó mọ́ ń gbà. Ẹ mú ìbéèrè yín dání. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí òun ṣe máa wọn òrùlé tirẹ̀, okùn ìwọ̀n wà lọ́wọ́ mi, n kò sì kánjú lọ sílé. Ẹ ṣeun.